Ẹni tí a gbé àti ẹni tí ó gbé e: Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ àti ipò ènìyàn lára ilẹ̀kùn àti òpó gbígbẹ́

Níbi ìpàdé gbogbogbòò Ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ tí ó wà ní ààfin, ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní kí a yọ àwọn òpó onígi tí ó kù níbẹ̀ kúrò, kí a fi òpó oníkọnkéré rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bínú sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà, nítorí ikán ti jẹ ìdí méjì nínú àwọn òpó náà, òjò sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé béèrè ohun tí a ó fi igi náà ṣe bí a bá yọ ọ́ tán, ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé igi ìdáná kì í pọ̀ jù nílé ẹni tí ó ń se àsè. Ni ẹ̀rín bá sọ. Èmi náà rín in. Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà tó korò sí mi lẹ́nu, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú kí ó fún mi ní ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọdún yìí, kí n sọ ohun tí ó wà lára irú igi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìwé ńlá kan wà nínú yàrá ìkàwé wa tí ó kún fún àwòrán àwọn òyìnbó àtijọ́. Nínú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọ-ọ̀dọ̀ obìnrin tí Johannes Vermeer, ará ilẹ̀ Holland, yà ní nǹkan bí ọdún 1660. Obìnrin náà sanra, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ wàrà tí ó ń dà sínú ìkòkò bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn láyé. Mo tún rí iṣẹ́ Diego Velázquez, ayàwòrán ọba ilẹ̀ Spéìnì, tí ó yà ní àkókò kan náà: níwájú, àwọn obìnrin ń ran òwú nínú òkùnkùn iyàrá iṣẹ́, lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àwọn obìnrin ọlọ́lá nínú aṣọ ṣẹ́dà ń wo aṣọ aláràbarà tí a fi kọ́ sára ògiri. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò mọ̀ láìsí pé a sọ fún un pé àwọn tí ó wà nínú òkùnkùn ni ó ń ṣe ohun tí àwọn tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ń wò. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé ohun tí ó mú kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ níyì ni pé kì í ṣe ọba tàbí ènìyàn mímọ́ ni a yà, bí kò ṣe àwọn ènìyàn lásán lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Mo gbà nígbà náà pé àwa kò ní irú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó yé mi pé láti kékeré ni mo ti ń kọjá lábẹ́ irú rẹ̀, nígbàkúùgbà tí bàbá mi bá rán mi lọ sí ààfin.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, Ìgbómìnà àti àyíká wọn, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ilẹ̀kùn tàbí òpó gbígbẹ́. Ọba ni ó ní in, àti ìjòyè ńlá, àti ojúbọ òrìṣà. Mẹ̀kúnnù kò jẹ́ gbẹ́ òpó sí iwájú ilé rẹ̀ bí ó tilẹ̀ rí owó rẹ̀ san. Nítorí náà, kí a tó wo ohun tí a gbẹ́ sára igi rárá, igi náà fúnra rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí ó ni ilé. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn àgbà onísẹ́ ọnà pín in sí ipele mẹ́rin: ọnà lílé, èyí ni pé kí a fi àáké gé igi títí yóò fi fi ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà hàn, àlétúnlé, tí a ó fi ya ojú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀, dídán, tí a ó fi mú kí ara igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí a ó fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti àrán ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ lè ṣe nínú lílé àti dídán. Ọ̀gá ni ó máa ń fín ojú.

Bí a bá dúró níwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, a lè kà á bí ẹni ka ìwé. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó, nítorí ẹni tí ó jókòó níwájú ẹni tí ó dúró kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó kúnlẹ̀, ẹ wo ohun tí ó wà lórí oníkálukú: adé ni, àkẹtẹ̀ ni, tàbí ẹrù. Ẹ wo bí ó ti tóbi tó. Agbẹ́gilére wa kì í fi òṣùwọ̀n ojú lásán gbẹ́ ènìyàn. Ọ̀gá lè tóbi ju ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ẹṣin lè kéré bí ewúrẹ́ lábẹ́ jagunjagun, nítorí kì í ṣe ẹṣin ni a ń ki. Orí ènìyàn pàápàá a máa tóbi ju bí ara ti yẹ kí ó gbé lọ, nítorí orí ni olúwa ara. Àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó rí i rò pé àìmọ̀-ọ́n-ṣe ni. Àwọn mìíràn nínú wa tí ó ka ìwé òyìnbó ju bí ó ti yẹ lọ ṣì ń rò bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n mú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, kí a dúró tì í díẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó dàgbà sí, lábẹ́ Arínjalẹ̀, ó sì jẹ́ ìránṣẹ́ láàfin ọba náà kí òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kàn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ pè é láti wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun. Ilẹ̀kùn náà jẹ́ aláwẹ́ méjì. Ní apá òsì, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì wà ní ìpele lókè àti nísàlẹ̀. Ní apá ọ̀tún, àlejò ń bọ̀: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni, ẹni tí a gbà pé Captain Ambrose ni, ẹni tí ìjọba rán sí ilẹ̀ Èkìtì ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Òyìnbó náà kò rìn. Orí ìjókòó tí àwọn ọkùnrin gbé ni ó wà, àwọn mìíràn sì ru ẹrù rẹ̀ sórí.

Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu nínú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ni pé àwọn ère rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ pákó bí àwòrán orí owó. Wọ́n yọ jáde. Orí àti èjìká wọn kúrò lára igi, òmíràn sì yí ojú sí ẹni tí ó ń wò ó bí ẹni pé a pe orúkọ rẹ̀. Kì í sì ṣe ọba àti òyìnbó nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí ó ru ẹrù náà yọ orí jáde. Ìtàn tí ìjọba kọ nípa àkókò náà sọ fún wa pé ajẹ́lẹ̀ kan lọ sí ìlú kan ní ọjọ́ kan. Kò sọ ẹni tí ó gbé e. Ẹni tí ó ti ru ẹrù láti Ondó dé Èkìtì rí, tàbí tí bàbá rẹ̀ ti rù ú, mọ̀ pé ìrìn-àjò ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí ajẹ́lẹ̀ nìkan ṣe. Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn ọba, níbi tí ọba, ìjòyè, òyìnbó àti aláàárù yóò ti máa kọjá níwájú ara wọn.

Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, nítòsí London. Ilé Ohun Àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ń pè ní British Museum, rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a fi ṣe pàṣípààrọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí ipò ti àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń bú ọba náà nítorí ọ̀ràn yìí. Èmi kò bú u. Ọba ni, ó mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gba owó lé e lórí, ó sì ní agbẹ́gilére tí yóò gbẹ́ òmíràn. Àwa tí a fẹ́ fi tiwa dáná, kí ni a fẹ́ gbà, ta ni yóò sì gbẹ́ òmíràn fún wa?

Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Òpó náà gba ohun tí mo sọ lókè nípa ìwọ̀n ara mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi pé ó gbà á. Ọba jókòó lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú adé tí ẹyẹ bà lé lórí, ṣùgbọ́n ìyàwó àgbà tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ púpọ̀, ó ga, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àga náà mú. Ẹsẹ̀ ọba kò tilẹ̀ kan ilẹ̀. Obìnrin kékeré kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ta wá ni ọ̀gá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé òpó ni. Orí obìnrin tí ó dúró ni igi náà gbà gòkè lọ sí abẹ́ àjà, òun ni ó ru ilé. Agbẹ́gilére náà mọ ohun tí ó ń sọ, àwọn tí ó jókòó lábẹ́ òrùlé náà sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Òmíràn tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ni Àreògún ti Òsì, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, tí ó kú ní àárín ẹ̀wádún 1950. Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ràn ìtàn kan ṣoṣo lára ilẹ̀kùn kan. Àreògún ní tirẹ̀ a máa pín ilẹ̀kùn sí ìpele-ìpele, tí yóò sì fi ènìyàn kún wọn bí ìgbà tí a bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Ọdẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, babaláwo wà níbẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin, abiyamọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó di ohun ọlá bí ẹṣin ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, Àreògún kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un kí ó tó fi ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sí ibi tí baba rẹ̀ ìbá fi ẹlẹ́ṣin sí. Àwọn tí ó ń sọ pé ọnà àwọn baba wa kì í yí padà kò tíì wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà.

Ní Èkó nígbà kan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tí ń jẹ́ Thomas Ọnà Odulate ń gbẹ́ ère kékeré tí ènìyàn lè gbé dání. Àwọn òyìnbó ni ó ń rà á jù. Yíǹkì pupa, yíǹkì dúdú àti òróró bàtà funfun ni ó fi ń kun wọ́n. Ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àkẹtẹ̀ líle rẹ̀, lọ́yà pẹ̀lú irun ẹ̀tàn, míṣọ́nnárì, òyìnbó tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin, àti Queen Victoria fúnra rẹ̀; ó sì gbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú. Orí gbogbo wọn tóbi, ojú wọn sì yọ. Ní ọdún 1937, Julius Lips, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó ti sá kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi irú àwọn ère bẹ́ẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń gbẹ̀san lára òyìnbó. Ìwé náà dùn ún kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ti gbé láàárín wa tí ó sì mọ àṣà wa, bi Thomas Ọnà léèrè, èsì rẹ̀ ni pé òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ohun tí òun rí láyé yí òun ká ni òun ń gbẹ́.

Mo gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gbọ́. Ẹni tí ó ti mọ̀ láti ìgbà èwe pé orí ni a fi ń tóbi àti pé ohun tí ènìyàn dé tàbí tí ó mú lọ́wọ́ ni a fi ń mọ ipò rẹ̀, bí ó bá rí ajẹ́lẹ̀, àkẹtẹ̀ àti páìpù rẹ̀ ni yóò gbẹ́; bí ó bá rí lọ́yà, irun ẹ̀tàn àti ìwé rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ti ń gbẹ́ ọba pẹ̀lú adé. Bí òyìnbó bá wo ara rẹ̀ nínú dígí yìí tí ó sì rò pé a ń fi òun rẹ́rìn-ín, ọ̀ràn òun àti dígí ni. Síbẹ̀ n kò ní búra pé Thomas Ọnà kò rẹ́rìn-ín rárá nígbà tí ó ń fín mùsítáàṣì àwọn kan nínú wọn.

Ẹ fi wé iṣẹ́ Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú, tí a bí ní 1882, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà òyìnbó ya ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwọn ọlọ́lá Èkó ni ó yà jù: àwọn dókítà, àwọn alùfáà, àwọn ìyáàfin bíi Mrs. Spencer Savage tí ó yà ní 1906. Iṣẹ́ ńlá ni, ó fi han òyìnbó pé ọwọ́ dúdú lè ṣe ohun tí ọwọ́ funfun ṣe, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àwòrán fi wọ ilé-ìwé wa. Ṣùgbọ́n oníkálukú ni ó dá jókòó nínú férémù tirẹ̀. Aláàárù kò sí níbẹ̀.

Ní Ọyẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Father Kevin Carroll àti Father Sean O'Mahoney, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn onílẹ̀kẹ̀. Bándélé, ọmọ Àreògún, wà níbẹ̀; lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ sí i, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìsìn Kátólíìkì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó dúró ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, àwọn amòye tí ó ti ìlà-oòrùn wá di ọba Yorùbá, tadé-tadé. Musulumi ni Làmídì, ó ń gbẹ́ fún ìjọ, ó ń gbẹ́ fún ọba, kò sì sí ẹni tí ó rí i bí ohun àjèjì láàárín wa.

Nínú gbogbo ilẹ̀kùn àti òpó tí mo ti fi ojú mi rí, àti èyí tí mo rí nínú fọ́tò, mo ti rí ọdẹ, onílù, abiyamọ, aláàárù, ọlọ́pàá àti ẹlẹ́wọ̀n. N kò tíì rí agbẹ́gilére kan tí ó gbé àáké lọ́wọ́ tí ó tẹ̀ lé igi rẹ̀. Wọn kò gbẹ́ ara wọn, wọn kò sì kọ orúkọ sídìí iṣẹ́. Kì í ṣe pé orúkọ wọn kò sí: ẹnu ni ó wà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n ní 1988, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, nígbà tí John Pemberton ará Amẹ́ríkà dé Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un, tí ó ń dárúkọ àwọn ìlú àti ààfin tí ó ti ṣiṣẹ́. Lára ohun tí ó jáde láti ẹnu obìnrin yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1998 ilé ọnà ìjọba Amẹ́ríkà kan ní Washington fi iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ṣe àfihàn, tòun ti orúkọ rẹ̀. Bí ìyáàgbà yẹn bá ti kú ní 1987 ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ sí àdúgbò tiwa. Lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lẹ́yìn tí a ti gba ìyọ̀ǹda Kábíyèsí. Òpó mẹ́fà ni ó kù. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́ṣin, méjì jẹ́ abiyamọ, ọ̀kan jẹ́ obìnrin tí ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá. Èyí tí ó kù ní igun jẹ́ ọkùnrin tí ó ru àpótí, a kò sì mọ̀ bóyá ti ọba ni àpótí náà tàbí ti òyìnbó. Ojú ẹ̀kẹfà ti parẹ́. Àwọn ọmọ náà yà wọ́n sínú ìwé wọn. A bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Bàbá kan ní ará ìlú òkèèrè ni, tí ó gbé lọ́dọ̀ baba ńlá òun fún òjò méjì. Ìyá kan ní ìyá òun máa ń se oúnjẹ fún un, pé kì í jẹ ẹ̀wà, àti pé ó ń kọrin bí ó ti ń gbẹ́gi. Orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnì kankan. A ti mọ oúnjẹ tí kò jẹ, a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní London, ní Houston àti níbikíbi: bí fọ́tò àtijọ́ ti ààfin bá wà nínú àpótí àwọn òbí yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá ti gbọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ní alẹ́ òní. Ẹ má dúró de ọdún tí ń bọ̀.

Ní ti àwọn òpó náà, mo mú káfíńtà kan lọ wò wọ́n. Ó ní ikán kò tíì kọjá ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan láti ilẹ̀, pé a lè gé ibi tí ó jẹ kúrò, kí a mọ ìpìlẹ̀ kọnkéré kékeré sí abẹ́ rẹ̀, kí a sì gbé òpó náà lé e lórí, lẹ́yìn tí a bá ti fi oògùn ikán sí i. Owó tí ó béèrè fún òpó méjèèjì kò tó owó òpó oníkọnkéré kan. Mo ti fi ìwé ìṣirò rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́, yóò sì kà á níbi ìpàdé tí ń bọ̀.